Ìfètòsọ́mọbíbí Tó Bá Ń Da Ara Wa Láàmú
Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìlera ẹgbẹ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbòò, tí a tẹ̀ fún àwọn tí kò ráyè wá

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin Ìyálọ́jà láti Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀ àti Èmùré, ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìsọ̀, a rí i pé àwọn kan ti ń rẹ́rìn-ín látìgbà tí alága ti dárúkọ ohun tí a fẹ́ sọ. Ẹ rín in dáadáa. Bí ẹ bá rín in tán, ẹ fetí sílẹ̀, torí ohun tí à ń sọ ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn ìsọ̀ náà la fẹ́ sọ ní gbangba lónìí.

Ohun tó fà á nìyí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ọ̀kan nínú wa tó ń ta gààrí àti èlùbọ́ lọ gba abẹ́rẹ́ ìfètòsọ́mọbíbí olóṣù mẹ́ta. Ọmọ mẹ́rin ló ti bí, ó ní ó tó òun. Kò pẹ́ tí ẹ̀jẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀. Lónìí á yọ, lọ́la á dá, lọ́tunla á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe ń rí kí èèyàn jókòó sórí àpótí láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, kó máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ìró rẹ̀ wò ní gbogbo ìgbà, kó má sì sí ibi gidi tí yóò ti pààrọ̀ páàdì. Ó padà síbi tó ti gba abẹ́rẹ́. Ẹni tó bá níbẹ̀ kò béèrè ohunkóhun, ó kàn ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kó máa lọ sílé. Ó lọ sílé lóòótọ́, kò sì padà mọ́. Kò gba abẹ́rẹ́ mìíràn, kò lo nǹkan mìíràn, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Kí ọdún kejì tó parí, oyún ti dé. Ìtìjú àti àìsówó mú kó lọ gba àgbo kan àti oògùn kan mu lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe oníṣègùn. Díẹ̀ ló kù ká pàdánù rẹ̀. Ó wà láàyè, ó wà nínú ìpàdé yìí pàápàá. Òun ló ní ká sọ ọ́, bí a kò bá ti dárúkọ òun.

Ẹ ò rí i pé abẹ́rẹ́ yẹn kọ́ ló fẹ́ pa á. Ohun tó fẹ́ pa á ni pé ara ń ni ín, kò rẹ́ni bá sọ̀rọ̀, ó sì jáwọ́ láìní òmíràn lọ́wọ́. Ohun tí a fẹ́ sọ fún yín kò ju ìyẹn lọ. Ìnira tí ìfètò ń fà kì í ṣe irọ́, obìnrin tó bá sọ ọ́ kì í ṣe aláròyé. Ó ní ohun tí wọ́n lè ṣe sí i. Bí kò bá gbọ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ti ẹ̀jẹ̀, torí òun ló ń lé ọ̀pọ̀ sá. Abẹ́rẹ́ bíi Depo-Provera tó jẹ́ olóṣù mẹ́ta àti Noristerat tó jẹ́ olóṣù méjì, pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá bíi Jadelle àti Implanon, èròjà kan náà ni iṣẹ́ wọn jọ dá lé, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní họ́mọ́ọ̀nù. Ó jọ èyí tí ara obìnrin fúnra rẹ̀ ń ṣe. Èròjà yìí kì í jẹ́ kí ẹyin jáde bó ṣe yẹ, ó ń mú kí omi ẹnu ilé ọmọ ki, ó sì ń sọ awọ inú ilé ọmọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ yẹn ló máa ń já díẹ̀díẹ̀ nígbà tí kò tíì mọ́ra, òun lẹ̀ ń rí tó ń kán sílẹ̀. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà àkọ́kọ́ ló máa ń le jù. Lára ọ̀pọ̀ obìnrin, ó ń rọlẹ̀ bí ó bá yá.

Ṣùgbọ́n pé yóò rọlẹ̀ kò ní kí ẹ jókòó kí ẹ máa wò ó. Ẹ padà lọ bá nọ́ọ̀sì. Ó lè fún yín ní oògùn ìrora bí ibuprofen fún ọjọ́ bíi márùn-ún, ó máa ń bá ọ̀pọ̀ dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró. Ẹni tó bá ní ọgbẹ́ inú, kó tètè sọ, torí oògùn yẹn kò dára fún un. Fún ẹlòmíràn, nọ́ọ̀sì lè fi hóró oògùn ìfètò bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kún un, bí ẹ̀jẹ̀ ríru kò bá sí lára onítọ̀hún. A ò sọ èyí kí ẹ máa lọ rà á fúnra yín o! A sọ ọ́ kí ẹ lè mọ̀ pé ìtọ́jú wà, kí ẹnikẹ́ni má fi “máa lọ sílé” lé yín mọ́. Bí òyì bá ń kọ́ yín, tí ó ń rẹ̀ yín ṣáá, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò bóyá ó ti dínkù. Ẹ máa jẹ ẹ̀wà, ẹ̀dọ̀ àti ẹ̀fọ́ dáadáa.

Èwo ni kò yẹ ká dá dúró dè? Ẹ̀jẹ̀ tó ń kún páàdì láàárín wákàtí kan léraléra. Ẹ̀jẹ̀ tó bá inú rírun líle rìn, tàbí tó ń rùn. Ẹ̀jẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí ohun gbogbo ti ń lọ dáadáa fún ìgbà pípẹ́. Ẹ̀jẹ̀ tó ń yọ lẹ́yìn ìbálòpọ̀. Àwọn wọ̀nyí lè má ní í ṣe pẹ̀lú ìfètò rárá. Ó lè jẹ́ ìju, ó lè jẹ́ oyún tó dúró síbi tí kò yẹ, ó lè jẹ́ àrùn ẹnu ilé ọmọ. Tí a bá ń di gbogbo rẹ̀ ru abẹ́rẹ́, àrùn gidi á máa dàgbà lábẹ́ rẹ̀.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti àwọn tí kò rí nǹkan oṣù mọ́. Ní ìdajì àwọn tó bá lo Depo fún ọdún kan, nǹkan oṣù máa ń dáwọ́ dúró. Ọ̀rọ̀ yìí ti dá ìjà sílẹ̀ nílé ẹlòmíràn, ọkọ á ní ẹ̀jẹ̀ ti kó jọ síkùn ìyàwó òun, ìyá ọkọ á ní yóò di kókó. Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀jẹ̀ kò kó jọ síbì kankan. Ẹni tí kò pàtẹ ọjà láàárọ̀, kí ló fẹ́ palẹ̀ rẹ̀ mọ́ nírọ̀lẹ́? Awọ inú ilé ọmọ kò nípọn, kò sí ohun tí yóò wó jáde. Bí ẹ bá dáwọ́ dúró, nǹkan oṣù á padà. Àmọ́ ẹni tó ń lo hóró oògùn, tó sì gbàgbé rẹ̀ lọ́jọ́ méjì mẹ́ta, tí kò wá rí nǹkan oṣù, kó lọ yẹ oyún wò o. Ìyẹn ò sí nínú ohun tí à ń sọ.

Ti sísanra, òótọ́ ni. Ẹni tó bá ń lo Depo lè fi bíi kílò kan sí méjì sanra lọ́dún. Kí ẹ wọn ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ lè mọ èyí tí abẹ́rẹ́ fà àti èyí tí iyán aago mẹ́sàn-án alẹ́ fà. (Ìyá oníyán, ẹ má bínú sí wa.)

Ó wá ku èyí tí a kò gbọdọ̀ fi ṣeré. Hóró oògùn tí wọ́n po èròjà méjì pọ̀ sínú rẹ̀, irú bíi Microgynon, kò dára fún ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kò dára fún ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ dídì lẹ́sẹ̀ tàbí lẹ́dọ̀fóró rí, tàbí àrùn jẹjẹrẹ ọmú, tàbí orí fífọ́ tí iná ń kọ mọ̀nàmọ́ná lójú kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìyá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tó ń fọ́mú, kò gbọ́dọ̀ sáré bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, oríṣi mìíràn wà fún un. Ìdí nìyí tí a fi ń pariwo pé kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín kí wọ́n tó fún yín. Ẹni tó ń lò ó, tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, tí kò lè mí dáadáa, tí ojúgun ẹsẹ̀ kan wú tó ń ro ó, tí orí ń fọ́ ọ lọ́nà tí kò rí rí, tàbí tí ojú rẹ̀ ṣú lójijì, kó pa ìsọ̀ dé, kó gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà. Kó má dúró de ìgbà tí ọjà bá tú.

A kò ní fi ohun kan pamọ́ fún yín. Lọ́dún 2024, àwọn olùwádìí ní ilẹ̀ Faransé gbé ìwádìí jáde pé àwọn obìnrin tó gba abẹ́rẹ́ irú Depo fún ju ọdún kan lọ máa ń ní kókó kan tó ń hù níbi awọ tó bo ọpọlọ ju àwọn tí kò gbà á lọ. Kókó náà ṣọ̀wọ́n púpọ̀, ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa kò ní rí i láé. Àmọ́ ẹni tó ti ń gbà á fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí orí fífọ́ kò sì fi sílẹ̀, tí ojú ń ṣe é bàìbàì, kó sọ fún dókítà pé òun ń lo abẹ́rẹ́ yìí. Ó lè béèrè òmíràn.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣì fẹ́ bímọ láìpẹ́, ẹ ro Depo lẹ́ẹ̀mejì. Kì í sọ obìnrin di àgàn, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn èyí tí ẹ gbà kẹ́yìn, ó lè tó oṣù mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá kí oyún tó dúró, fún àwọn kan ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti apá àti ti hóró oògùn kò rí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti yọ ọ́ tàbí tí ẹ dáwọ́ dúró, oyún lè dé lóṣù náà gan-an. Ọ̀kan nínú wa yọ tirẹ̀ lọ́jọ́ Ajé torí ó fẹ́ “sinmi díẹ̀.” Ìsinmi yẹn ti ń lọ síléèwé báyìí.

Bẹ́ẹ̀ náà ni oògùn mìíràn lè ba iṣẹ́ ìfètò jẹ́. Oògùn ikọ́ ife tó ń jẹ́ rifampicin, àwọn kan nínú oògùn wárápá, àti efavirenz tí àwọn kan ń lò fún HIV, wọ́n máa ń sọ hóró oògùn àti ti apá di aláìlágbára. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání lọ fi han nọ́ọ̀sì.

Ọ̀rọ̀ kẹ́míìsì ńkọ́? Ọ̀pọ̀ wa ló ń rà níbẹ̀, torí kò sí ìlà, kò sí ẹni tó mọ̀ wá. Ní àwọn ọdún 1980, ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn kọ́ àwọn obìnrin ọjà, irú wa báyìí, láti máa ta hóró oògùn ìfètò àti rọ́bà lórí àtẹ. Màmá Grace Delano tó jẹ́ nọ́ọ̀sì àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Oladapo Ladipo wà lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà. Ẹ wo nǹkan kan níbẹ̀: wọ́n kọ́kọ́ kọ́ wọn ná, kí wọ́n tó ní kí wọ́n tà. Ọmọkùnrin tó kàn na oògùn sí yín láti inú páálí, tí kò béèrè bóyá ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, tí kò béèrè bóyá ẹ ń fọ́mú, ẹ má gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín obìnrin pẹ̀lú pé Postinor kì í ṣe ohun tí à ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ti ìjàm̀bá ni, láàárín ọjọ́ mẹ́ta, bó bá sì ṣe tètè tó ló ṣe dára tó. Ẹni tó ń lò ó léraléra, nǹkan oṣù rẹ̀ á dàrú, oyún á sì tún wọlé.

Tó bá wá jẹ́ pé ẹ fẹ́ pààrọ̀, ẹ má yọ ti àkọ́kọ́ títí tí ẹ ó fi mọ èyí tó kàn. Ẹni tí họ́mọ́ọ̀nù kò bá lára mu rárá, kópà T tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ wà fún un, kò sí họ́mọ́ọ̀nù nínú rẹ̀, ó sì lè lo ọdún mẹ́wàá. Àléébù tirẹ̀ ni pé nǹkan oṣù lè pọ̀ sí i, kí inú sì máa run, pàápàá ní oṣù àkọ́kọ́ títí dé ìkẹfà. Rọ́bà náà wà, òun nìkan ló ń dáàbò bo yín lọ́wọ́ HIV. Ti apá, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ fi abẹ yọ ọ́ nílé. A ti rí apá tó wú bí iṣu torí èyí. Kí wọ́n tó fi í sí i yín ni kí ẹ ti béèrè pé, “Bí mo bá fẹ́ yọ ọ́, ta ni yóò yọ ọ́, èló sì ni?” Láti 2011 ni ìjọba àpapọ̀ ti sọ ohun èlò ìfètò di ọ̀fẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba. Wọ́n ṣì lè gba owó ìbọ̀wọ́ àti owú, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó. Ẹ tún mọ̀ pé ara yín ni. Ẹni tó bá ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n yọ ọ́, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀bẹ̀.

Ìgbìmọ̀ ti ṣètò pé nọ́ọ̀sì yóò wá sí ìpàdé tó ń bọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Yàrá ẹ̀yìn la ó fún un, ọ̀kọ̀ọ̀kan la ó máa wọlé, ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́ ohun tí ẹ bá sọ. Ẹ mú káàdì ìfètò yín dání. Ẹni tí káàdì rẹ̀ ti sọnù, kó mú páálí oògùn wá, tàbí kó rántí oṣù tó gba abẹ́rẹ́ kẹ́yìn. Àwọn ará Èmùré àti Ìsẹ̀ tí ọ̀nà jìn fún, ẹ tètè dé, ẹ̀yin la ó kọ́kọ́ dá lóhùn kí mọ́tò má baà fi yín sílẹ̀. Owó páàdì tí a fẹ́ máa kó sí ọ̀dọ̀ akápò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ bá dé bá lórí ìsọ̀, náírà igba lóṣù la dábàá, ẹ rò ó wò kí ọjọ́ náà tó pé.