Ojú Wo Ni Màá Fi Wo Ọlọ́run?

Ọkùnrin kan wà tí mo máa ń rí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìjọsìn, fìlà lọ́wọ́, ẹsẹ̀ kan nínú, ẹsẹ̀ kan níta. Bí àdúrà bá ti bẹ̀rẹ̀, á yọ́ lọ. Mo pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lọ́jọ́ kan. Ó ní, "Bàbá, ojú wo ni màá fi wo Ọlọ́run? Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ara mi ṣe ná."

Bẹ́ẹ̀, ọmọ tó ṣẹ baba rẹ̀ nílé wa kì í dúró dìgbà tó bá di ọmọ rere kó tó wá dọ̀bálẹ̀. Tìtìjú-tìtìjú ló ń bọ̀, tí onípẹ̀ ń lọ níwájú. Ẹni tó mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Kí ló wá dé tó fi jẹ́ pé lọ́dọ̀ Ọlọ́run nìkan la ti fẹ́ kọ́kọ́ wẹ̀ ká tó wá tọrọ omi?

Ẹ jẹ́ kí n mẹ́nu ba ẹnì kan tí ìtìjú tọ́ sí ní tòótọ́. John Newton, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n bí ní 1725, atukọ̀ òkun ni. Ó ti bá wọn ṣòwò ẹrú ní etíkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Ẹnu rẹ̀ burú sí Ọlọ́run débi pé ọ̀gá ọkọ̀ pàápàá ń bá a wí. Ní oṣù Kẹta 1748, ìjì kọlu ọkọ̀ Greyhound tó ń gbé e lọ sílé. Omi tó ya wọ yàrá ló jí i lóru. Bó ṣe ń gòkè lọ, ọ̀gá ní kó padà lọ mú ọ̀bẹ wá. Ẹni tó gòkè dípò rẹ̀ ni omi gbé lọ lójú ẹsẹ̀. Ìgbì ti ya pákó ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ náà. Wọ́n ń fi aṣọ àti ohun ìbora dí ihò, wọ́n ń kan pákó lé e. Newton wà nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fa omi jáde láti aago mẹ́ta òru títí di ọ̀sán. Láàárín iṣẹ́ yẹn ló sọ fún ọ̀gá pé bí èyí ò bá gbà wá, kí Olúwa ṣàánú wa. Kò rò ó kó tó sọ ọ́. Àfi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe yí padà bá a: àánú wo ló lè kù fún irú èmi?

Ìbéèrè ọkùnrin ẹnu ọ̀nà náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n Newton ò ríbi yọ́ lọ, òkun ló yí i ká. Nígbà tí wọ́n ní omi inú ọkọ̀ ti fà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà, bẹ́ẹ̀ kò tíì lè pe Ọlọ́run ní Baba. Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà ni wọ́n gúnlẹ̀ sí Ireland, oúnjẹ ìkẹyìn wọn ṣì wà lórí iná.

Mi ò ní fi ibi tó dùn nìkan hàn yín. Lẹ́yìn àdúrà yìí, Newton ṣì padà sídìí òwò ẹrú, ó sì di ọ̀gá ọkọ̀. Ó ń gbàdúrà lókè, àwọn ọmọ ènìyàn wà nínú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ nísàlẹ̀. Àìsàn ló mú un kúrò nídìí ẹ̀ ní 1754. Irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kó Àjàyí Crowther, ọmọ ilẹ̀ wa, sí lẹ́yìn tí wọ́n mú un ní Òṣogùn ní 1821. Ó ń dùn mí dé egungun. Síbẹ̀ ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ mi wà: ẹ̀ṣẹ̀ tó tóbi jù lọ́wọ́ Newton ní 1748, kò tíì mọ̀ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Báwo ni ì bá ṣe wẹ ohun tí kò rí? Ẹni tó ní òun fẹ́ kọ́kọ́ tún ara òun ṣe, ta ló fi ìdọ̀tí náà hàn án tán? Àánú tó tọrọ lọ́jọ́ ìjì ló ń là á lójú díẹ̀díẹ̀, títí tó fi tẹ ìwé pẹlẹbẹ jáde ní 1788, nígbà tó ti di àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀, pẹ̀lú ìtìjú, pé òun wà nínú òwò náà, ó sì lọ jẹ́rìí lòdì sí i níwájú ìjọba. Mi ò sọ pé èyí san gbèsè àwọn tó kó lọ.

Ọdọọdún ló ń rántí ọjọ́ ìjì yẹn. Ní oṣù Kẹta 1805, ó ti di ẹni ọdún 79, ojú rẹ̀ ti ń ṣókùnkùn, ọwọ́ rẹ̀ ò fẹ́ kọ̀wé mọ́. Ó ṣì rọra kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ pé òun ń gbìyànjú láti fi ìrẹ̀sílẹ̀, àdúrà àti ìyìn ṣe ìrántí ọjọ́ náà.