ABÈÈRÈ Ọ̀NÀ KÌ Í ṢÌNÀ: Ọ̀RỌ̀ LÓRÍ BÍBÉÈRÈ OWÓ ÌRÀNLỌ́WỌ́ Ẹ̀KỌ́

 Ohun tí a fẹ́ bá yín sọ ni ti owó ìrànlọ́wọ́ ẹ̀kọ́, èyí tí àwọn ọmọ wa ń pè ní sìkọ́láṣíìpù: bí a ti ń béèrè rẹ̀, àti ìdí tí ọ̀pọ̀ ọmọ tí ó tọ́ sí kò fi rí i gbà.

Ní ayé àwọn bàbá wa, jíjìn ọ̀nà ni ìdènà. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ka ìwé gíga ní láti fi òkè Àkókó sílẹ̀ lọ sí ìlú mìíràn. Ìdènà náà ti kúrò nísinsìnyí. Victory College ti wà ní Ìkàrẹ́ láti ọdún 1947, Yunifásítì ìpínlẹ̀ wa sì ti wà ní Àkùngbá, láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà, láti ìparí ọdún 1999. Ọmọ Ọ̀kà lè jẹun ní ilé ìyá rẹ̀ ní òwúrọ̀, kí ó sì ti wà nínú kíláàsì kí oòrùn tó mú. Síbẹ̀síbẹ̀, àwọn ọmọ wa kan ń bẹ tí wọ́n ń wo ẹnu-ọ̀nà náà láti òde. Ilé-ẹ̀kọ́ ti súnmọ́ wa. Owó ilé-ẹ̀kọ́ ni ó jìnnà.

Ẹ jẹ́ kí a jẹ́wọ́ ohun kan fún yín. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọbìnrin opó kan wà nínú ìjọ tí a ń tọ́jú. Ó yege dáradára, wọ́n sì gbà á sí ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Nígbà tí a kéde owó ìrànlọ́wọ́ fún àwọn ọmọ tí òbí wọn kò ní, ọmọ náà mú fọ́ọ̀mù wálé. Ìyá rẹ̀ rí ibi tí wọ́n ti béèrè iye owó tí ń wọlé fún òbí, ó sì kọ̀. Ó ní òun kò ní kọ òṣì òun sínú ìwé kí àjèjì máa kà á. Àwa gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ní ọjọ́ Ìsinmi kan, a sì wí ní ọkàn wa pé a ó bá ìyá náà sọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀ di oṣù, àkókò fọ́ọ̀mù sì kọjá. Ọmọ náà lo ọdún kan péré ní ilé-ẹ̀kọ́, ó sì padà wá jókòó ti ìyá rẹ̀ nídìí gààrí lọ́jà. Gààrí títà kì í ṣe ẹ̀gàn, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò yàn án. Ìtìjú ìyá rẹ̀ àti ìlọ́ra tiwa ni ó yàn án fún un. Láti ìgbà náà ni a ti pinnu pé a kì yóò dákẹ́ mọ́.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ó yẹ kí ó yé wa ni pé bíbéèrè owó ẹ̀kọ́ kì í ṣe agbe ṣíṣe. Ẹ wo Samuel Ajayi Crowther. A kó o lẹ́rú ní ọdún 1821, a gbà á sílẹ̀ ní 1822, kò sì ní ohunkóhun nígbà tí ó dé Freetown. Owó ẹlòmíràn ni ó fi kọ́ ìwé. Owó ẹlòmíràn ni ó gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1826. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe wọ Fourah Bay ní 1827. Ọmọ tí a ràn lọ́wọ́ yìí ni ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, tí ó sì ṣe iṣẹ́ ńlá láti sọ èdè wa di èdè ìwé. Ẹ wo àwọn ará Ìbíbíò pẹ̀lú, ní gúúsù ìlà-oòrùn Nàìjíríà. Ní ọdún 1938, ẹgbẹ́ wọn fi owó tí àwọn ará ìlú dá jọ rán ọ̀dọ́mọkùnrin 6 lọ kàwé ní òkè òkun. Alágbe ha ni àwọn mẹ́fà náà bí? Rárá o, aṣojú ìlú ni wọ́n.

Ẹ má sì gbàgbé ti ilé. Michael Adekunle Ajasin, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí Yunifásítì Àkùngbá ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n fi ìpìlẹ̀ ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lélẹ̀, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955. Bí àgbàlagbà kan bá wà níhìn-ín tí ó kọ́kọ́ gbé síléètì lọ́dún náà, kí ó rántí pé owó ìlú ni a fi kọ́ òun. Báwo ni yóò ṣe wá kọ́ ọmọ-ọmọ rẹ̀ láti máa tijú owó kan náà?

Èkejì, ẹ mọ irú èyí tí ẹ ń béèrè. Òmíràn wà fún ọmọ ìpínlẹ̀ nìkan; òmíràn fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ga; òmíràn fún ẹni tí kò ní olùrànlọ́wọ́. Òmíràn sì wà tí kì í ṣe ẹ̀bùn rárá. NELFUND tí ìjọba àpapọ̀ gbé kalẹ̀, tí ó ṣí ìlẹ̀kùn fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní oṣù karùn-ún ọdún 2024, owó yíyá ni ó ń fún wọn. Kò ní èlé, sísan rẹ̀ kì í sì í bẹ̀rẹ̀ títí di ọdún 2 lẹ́yìn tí ọmọ bá parí iṣẹ́ àgùnbánirọ̀. Ṣùgbọ́n gbèsè ni, kí ọmọ mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó tó tọwọ́ bọ̀ ọ́. Ẹnikẹ́ni tí ó bá sì wí pé kí ẹ kọ́kọ́ fi owó ránṣẹ́ sí òun kí orúkọ ọmọ yín tó lè jáde, olè ni. Ẹ sá fún un.

Ẹ̀kẹta ni ti ìwé. Ẹ kó wọn jọ nísinsìnyí, ẹ má dúró de ìkéde, nítorí àkókò tí wọ́n ń fún ni kì í pọ̀: ìwé-ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, èsì ìdánwò, ìwé ìgbàwọlé, nọ́ḿbà ìdánimọ̀ tí à ń pè ní NIN, ìwé báńkì ní orúkọ ọmọ fúnra rẹ̀, àti ìwé-ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀. Ti ọmọ Ìkàrẹ́, Ìkàrẹ́ náà ni ilé ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ wà. Ti ará Àkùngbá, Ọ̀kà ni. Ti ará Àfìn, Òkè-Àgbè ni. Kí orúkọ sì bá ara wọn mu nínú gbogbo ìwé. Bí ọ̀kan bá ń pe ọmọ ní Olúfẹ́mi, tí èkejì ń pè é ní Fẹ́mi, àwa ará ilé mọ̀ pé ẹnìkan ni, ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà yóò kà á sí ènìyàn méjì.

Ẹ̀kẹrin ni ti lẹ́tà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má kọ̀wé pé ẹ̀yin ni aláìní jùlọ lábẹ́ ọ̀run, nítorí gbogbo ènìyàn ni ó ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ kọ ohun tí ojú rí: pé bàbá ti kú, pé iṣu ni ìyá ń tà, pé ẹ jẹ́ mẹ́rin nílé, pé ẹ̀yin ń roko nígbà ìsinmi láti ra ìwé. Lẹ́yìn náà ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ kọ́, àti ohun tí ẹ ó fi ṣe. Kí olùkọ́ yín kà á kí ẹ tó fi ránṣẹ́. Ẹ má sì purọ́. Ọmọ ọlọ́rọ̀ tí ó bá pe ara rẹ̀ ní ọmọ òrukàn nínú fọ́ọ̀mù, ọmọ aládùúgbò rẹ̀ ni ó jà lólè.

Ó wá ku iṣẹ́ ti àwa àgbà. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ọmọ ni ó mọ ìdí fóònù àti íntánẹ́ẹ̀tì. Àwa ni a mọ ọdún tí a bí i, agbo-ilé bàbá rẹ̀, àti ẹni tí yóò jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, kí olúkúlùkù wa padà sílé lónìí kí ó béèrè ọ̀rọ̀ kan lọ́wọ́ ọmọ tí ó súnmọ́ ọn: “Ìwé wo ni ó kù ọ́ kù?” Bí ọmọ náà bá nílò ìbuwọ́lùwé wa, kí a má sọ fún un pé kí ó padà wá ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀. Àwa ti sọ ọ́ rí ní ọkàn wa, a sì ń rí èrè rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ ọjà, níbi tí ọmọ kan ti ń wọn gààrí fún wa, tí ó sì ń fi ọ̀wọ̀ kí wa.

Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ wa béèrè, kí àwa sì dúró tì wọ́n nígbà tí wọ́n bá ń béèrè.