Ó Yẹ Kí A Máa Wádìí Ọrẹ Wa
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìtẹ̀síwájú Ìlú)



Lọ́dọọdún ni a ń dáwó, tí a sì ń pàtẹ́wọ́ nígbà tí a bá ka iye rẹ̀. Ṣùgbọ́n a kì í sábà béèrè pé: kí ni owó náà ṣe? Ẹ jẹ́ kí á fi ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Busia, ní ìwọ̀ oòrùn Kenya, ṣe àríkọ́gbọ́n.

Ní ọdún 1996, àwọn aláàánú fẹ́ fi ìwé kíkà ta àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ibẹ̀ lọ́rẹ. Ta ni nínú wa tí kò ní búra pé ìwé yóò mú ọmọ mọ̀wé? Michael Kremer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kò búra, wọ́n wádìí. Nínú 100 ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n ṣẹ́ ìbò mú 25 tí yóò kọ́kọ́ gba ìwé. Nígbà tí ìdánwò dé, èsì wọn lápapọ̀ kò sàn ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Àwọn ọmọ tí ó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ nìkan ni ó jèrè. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi kọ ìwé náà, ó sì ṣòro fún ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà láti kà.

Láti ọdún 1998, Kremer àti Edward Miguel tún wádìí oògùn aràn ní ilé-ẹ̀kọ́ 75. Wọ́n ròyìn pé pípa ilé-ẹ̀kọ́ jẹ dín kù ní ìdá kan nínú mẹ́rin. Wọn kò sì fi pamọ́ pé èsì ìdánwò kò gòkè. Nígbà tí àwọn mìíràn fẹ́ tún ìṣirò wọn ṣe, wọ́n kó ìwé ìṣirò náà lé wọn lọ́wọ́. A rí àṣìṣe nínú rẹ̀, wọ́n sì gbà pé àṣìṣe wà níbẹ̀.

Àwa ńkọ́? Ẹni tí ó bá dìde béèrè ìdí ọ̀ràn láàárín wa, ọ̀tá ìlú ni a máa ń pè é. Èyí kò dára. Owó tí àwọn ìyá wa yọ nínú èrè ata àti èlùbọ́ wà nínú àpò yìí. Kò yẹ kí á fi ra àtẹ́wọ́.

Nítorí náà, kí á tó ra ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí á béèrè lọ́wọ́ olùkọ́ àti òbí. Kí á kọ ohun tí a ń retí sílẹ̀. Bí ọdún bá yípo, kí á padà lọ wò ó, kí á sì tẹ èyí tí ó yọrí àti èyí tí kò yọrí sínú ìwé ìròyìn yìí.

A-béèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Ìlú wa yóò máa tẹ̀ síwájú. Àṣẹ.