Shirley Chisholm: Ìbẹ̀wò Tí Ó So Èso

Ǹjẹ́ ó tọ́ kí olóṣèlú lọ bẹ ẹni tí ó ń ni àwọn ènìyàn rẹ̀ lára wò nígbà tí olúwarẹ̀ bá wà nínú ìnira? Ìgbésí ayé Shirley Chisholm ni a ó fi dáhùn ìbéèrè yìí.

Brooklyn, ní ìlú New York, ni a ti bí i ní ọdún 1924. Ọmọ erékùṣù Barbados ni ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ aṣọ rírán àti iṣẹ́ inú ilé onílé ni ó ń ṣe. Olùkọ́ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ni Chisholm kí ó tó di òṣèlú. Ní ọdún 1968, òun ni obìnrin aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tí a dìbò yàn sí Ilé Aṣòfin Àpapọ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n fi í sí ìgbìmọ̀ ètò ọ̀gbìn, ó yarí: kí ni ará ìgboro Brooklyn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ oko ṣe? Wọ́n sì gbé e kúrò níbẹ̀.

Ní ọdún 1972, ó jáde láti du ipò ààrẹ nínú ẹgbẹ́ Democratic. George Wallace, gómìnà Alabama, ń du ipò kan náà. Wallace yìí ni ó dúró lẹ́nu ọ̀nà yunifásítì Alabama ní ọdún 1963 kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ dúdú má baà wọlé. Ní oṣù karùn-ún ọdún 1972, ẹnìkan yìnbọn lù ú. Kò sì fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn mọ́ títí ó fi kú. Chisholm lọ bẹ̀ ẹ́ wò ní ilé ìwòsàn. Inú bí ọ̀pọ̀ àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀.

Chisholm kò rí ipò náà gbà. Ìbò 152 ni àwọn aṣojú dì fún un ní àpéjọ ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1974, ó ń jà kí òfin iye owó-iṣẹ́ tí ó kéré jù lọ lè kan àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé, irú iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe. Wallace bá a bá àwọn aṣòfin ìhà gúúsù sọ̀rọ̀. Òfin náà sì fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Chisholm kò sọ pé ìwà Wallace dára, kò sì dẹ́kun ìjà fún ẹ̀tọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀. Ohun tí ó mọ̀ ni pé bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré. Ó fi Ilé Aṣòfin sílẹ̀ ní ọdún 1983, ó sì kú ní ọdún 2005. Àwọn òṣìṣẹ́ inú ilé ni ó jẹ èso ìbẹ̀wò náà.