Àmì Ara Tí Ó Bá Yí Padà, Ẹ Tètè Fi Han Dókítà

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn àgbẹ̀ sọ ní Ìlá Ọ̀ràngún

Ìtàn sọ fún wa pé nígbà tí àwọn baba ńlá wa ń bọ̀ láti Ilé-Ifẹ̀, àdá kan tí à ń pè ní Ògbó ni ó ń la ọ̀nà níwájú wọn, àti pé nítorí pé Ògbó mọ ọ̀nà ni a ṣe ń jẹ́ Ìgbómìnà. Ẹsẹ̀ tí ó ń tọ ọ̀nà oko lójoojúmọ́ ni ọ̀rọ̀ wa dá lé lónìí. A máa ń pọ́n àdá, a máa ń wo bí ẹnu rẹ̀ ti rí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ni ó ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ ara rẹ̀?

Kò sí ẹni tí kò ní àmì dúdú kan lára. A bí òmíràn mọ́ni, òmíràn sì ń jáde bí a ti ń dàgbà. Àwọn kókó dúdú wẹ́wẹ́ tí ó máa ń yọ sí ojú àwọn àgbà wa kì í ṣe àrùn. Nítorí náà, a kò wá dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni. Àmì tí ó bá dúró bí a ti mọ̀ ọ́n láti ọdún pípẹ́, kí a fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Èyí tí ó bá yí padà ni kí a bẹ̀rù.

Nínú awọ ara wa ni àwọn ohun tín-tìn-tín wà tí ń fún wa ní àwọ̀ dúdú wa. Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pọ̀ sí i láìní ìjánu, wọn a di irú àrùn jẹjẹrẹ kan tí àwọn dókítà ń pè ní mẹlanómà. Lára àwọn òyìnbó, oòrùn ni ó sábà máa ń fa àrùn yìí. Lára àwa ènìyàn dúdú kò wọ́pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣègùn Nàìjíríà ti rí i láti ọjọ́ pípẹ́ pé bí ó bá ṣe wá, àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó fẹ́ràn jù. Ó sì ń yọ ní àtẹ́lẹwọ́ àti lábẹ́ èékánná. Ibi tí oòrùn kì í sábà dé ni, ibi tí ojú wa kì í dé náà sì ni.

Àwọn ọ̀dọ́ wa mọ Bob Marley, gbajúmọ̀ olórin ilẹ̀ Jàmáíkà. Ní ọdún 1977, a rí jẹjẹrẹ yìí lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún. Ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù ni a kọ́kọ́ pè é. Àwọn dókítà gbà á níyànjú pé kí a gé ìka náà, ṣùgbọ́n kò gbà. Ìwọ̀nba díẹ̀ ni a gé kúrò níbẹ̀. Àrùn náà tàn ká inú ara rẹ̀, ó sì kú ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981, ní ẹni ọdún 36. Ẹnikẹ́ni kò lè búra pé gígé ìka ni ìbá gbà á là. Ṣùgbọ́n ìka kan kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹ̀mí kan.

Bí òun ti pè é ní ọgbẹ́ bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ni àgbẹ̀ ń pè é ní ọgbẹ́ ẹ̀gún tàbí ti kùkùté. Nítorí pé kì í sábà dunni ní ìbẹ̀rẹ̀, a ó máa da àgbo sí i, a ó máa fi abẹ fẹ́lẹ́ há a, títí kókó yóò fi so ní ibi tí itan ti pàdé ikùn. Nígbà náà, àrùn ti rìn jìnnà.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbọ́ àwọn àpẹẹrẹ náà. Èkíní, bí ìdajì àmì náà kò bá jọ ìdajì kejì. Èkejì, bí etí rẹ̀ kò bá gún régé. Ẹ̀kẹta, bí àwọ̀ rẹ̀ bá di oríṣìíríṣìí. Ẹ̀kẹrin, bí ó bá fẹ̀ ju ìdí pẹ́ńsùlù lọ. Ẹ̀karùn-ún, èyí tí ó ṣe pàtàkì jù, bí ó bá ń tóbi, tí ó ń ga, tí ó ń yún, tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, tàbí tí ó di egbò. Ní ti èékánná, ẹ ṣọ́ra fún ìlà dúdú kan ṣoṣo tí ń fẹ̀ sí i, tàbí tí dúdú rẹ̀ ti ràn dé ara ìka.

Egbò adáàjinná àti ojú àpá iná àtijọ́ tí ó tún ya lè di jẹjẹrẹ pẹ̀lú. Àwọn àfín, ẹni òrìṣà, ni ó yẹ kí a ṣọ́ jù lọ, nítorí oòrùn ni ọ̀tá awọ ara wọn. Kí wọ́n dé akẹtẹ̀, kí wọ́n wọ aṣọ alápá gígùn lọ sí oko. Bí egbò ojú, etí tàbí ọrùn wọn kò bá san láàárín oṣù kan, kí wọ́n má ṣe dúró sí ilé mọ́.

Kí ni kí a ṣe? Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí a wẹ ẹsẹ̀ wa mọ́, kí ìyàwó tàbí ọmọ bá wa wo àtẹ́lẹsẹ̀ àti àárín ọmọ-ìka. Bí a bá rí ohun tí ó yí padà, kí a gba ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní ìlú yìí lọ, kí a sì bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n kọ̀wé fún wa lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì ní Òṣogbo tàbí ní Ilé-Ifẹ̀. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti gé díẹ̀ nínú rẹ̀, tí wọn yóò fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá yẹ̀ ẹ́ wò. Irọ́ ni pé abẹ dókítà ni ó ń mú jẹjẹrẹ tàn. Pípẹ́ nílé ni ó ń mú un tàn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gé ohunkóhun kúrò lára yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí a dà á nù láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́, iṣẹ́ tiyín wà níbẹ̀. Ní àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn fi ìtọ́jú ọ̀fẹ́ fún àwọn ọmọdé hàn pé ìlera mẹ̀kúnnù jẹ́ ẹrù ìjọba. Nítorí náà, ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn aṣojú yín pé kí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní abúlé máa yẹ ẹsẹ̀ àgbẹ̀ wò, kí wọ́n má kàn máa fi báńdéèjì dì í.

Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Lálẹ́ òní, kí a tó sùn, kí olúkúlùkù gbé àtùpà sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ó wò ó.