Orí Bíbẹ́ Kọ́ Ni Oògùn Orí Fífọ́: Fídíò Tí Ó Ń Kọsẹ̀ Lórí Kọ̀ǹpútà Àtijọ́

Àwọn àgbà a máa sọ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọ̀rọ̀ yìí bá bàbá kan mu, ẹni tí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ti pẹ́ nílé. Fídíò ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ dé láti òkè òkun. Ará ilé pé jọ láti wò ó. Ṣùgbọ́n bí ìyàwó ti gbé ẹsẹ̀ wọlé ni àwòrán dúró sójú kan, ó fò, ó tún dúró. Orin ń lọ ní tirẹ̀, ijó kò bá a mu mọ́. Kíá ni àwọn ọmọ ti dá ẹjọ́: ẹ̀rọ ti gbó, kí bàbá ra tuntun. Owó tí bàbá ìbá sì fi ra tuntun ni owó ilé-ìwé àbíkẹ́yìn rẹ̀. Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń fi ìwàǹwara ṣe.

Ohun tí ó yẹ ní mímọ̀ ni pé fídíò kò ju àwòrán tí kò mira lọ, tí a tò tẹ̀lé ara wọn: 24 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan fún sinimá, 30 tàbí 60 fún púpọ̀ nínú èyí tí a fi fóònù yà. Bí ẹ̀rọ kò bá lè pèsè àwòrán kan kí àsìkò rẹ̀ tó kọjá, yóò fò ó, ojú a sì rí i pé fídíò kọsẹ̀.

Àwọn àwòrán wọ̀nyí pọ̀ púpọ̀. Nítorí náà ni a ṣe ń dì wọ́n bí ẹrù, ẹ̀rọ tí yóò fi wọ́n hàn ni yóò sì tú ẹrù náà. Ọ̀nà ìdì tí ń jẹ́ H.264 jáde ní ọdún 2003, H.265 àti VP9 ní 2013, AV1 ní 2018. Bí ìdì ti ń di tuntun ni ẹrù ń kéré sí i, tí títú rẹ̀ sì ń gba agbára sí i. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà ọdún 2010 sí 2014 ní ẹ̀yà ara kan tí ó mọ H.264 í tú, ṣùgbọ́n tí kò mọ àwọn àbúrò rẹ̀. Bí ìdì tuntun bá dé, ọpọlọ ẹ̀rọ nìkan ni yóò máa jà á, iṣẹ́ a sì wọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, ọ̀nà ni ó jẹ̀bi ni, tàbí ẹlẹ́rù? Bí ohùn àti àwòrán bá jọ dúró, tí àmì roboto kan ń yí, íntánẹ́ẹ̀tì ni kò yára tó. Bí ohùn bá ń lọ geere tí àwòrán ń fò, ẹ̀rọ ni kí a wò. Ẹni tí kò bá dá lójú lè kó fídíò náà sínú ẹ̀rọ, kí ó pa íntánẹ́ẹ̀tì, kí ó sì tún un wò.

Lórí Windows, kí onílé tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀. Bí iye tí ó wà níwájú CPU bá ń kan 100, iṣẹ́ ti kún ọpọlọ ẹ̀rọ. Bí ti Memory ni ó kún, kí ó ti àwọn ojú-ewé tí kò lò. Lẹ́yìn èyí, kí ó dín ìwọ̀n àwòrán kù. Àwòrán 1080 ní àmì tíńtín tí ó ju mílíọ̀nù méjì lọ. Ti 720 jẹ́ 921,600. Iṣẹ́ náà dín ju ìdajì lọ.

Bí fídíò bá dára ní ìbẹ̀rẹ̀ tí ó sì bàjẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, ooru ni kí a fura sí. Eruku ọyẹ́ a máa dí fáànù, ẹ̀rọ a sì dín eré rẹ̀ kù kí ó má baà jóná. Kí a pa á, kí a yọ wáyà iná, kí a fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ gbá eruku náà. Kí a má sì gbé e lé orí bẹ́ẹ̀dì.

Ṣùgbọ́n bí dísìkì bá ń dún kẹ́kẹ́kẹ́ nínú ẹ̀rọ, kí a dá gbogbo àtúnṣe dúró, kí a kọ́kọ́ da àwọn fídíò sí ibòmíràn. A lè ra ẹ̀rọ mìíràn. Ìgbéyàwó tí ó bá sọnù kò ní rà.

Ní ti bàbá náà, H.265 ni a fi di fídíò rẹ̀, àwòrán 60 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó fi HandBrake, tí a kì í sanwó fún, tún un dì sí H.264 ní ìwọ̀n 720, àwòrán 30, ó sì fi ẹ̀rọ sílẹ̀ láti alẹ́ di òwúrọ̀. Kò pa ògidì rẹ̀ rẹ́. Ní ọjọ́ kejì, ìyàwó wọlé, ijó bá orin mu, owó ilé-ìwé sì wà níbi tí ó wà. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.