Mọ́géèjì pẹ̀lú CCJ lọ́rùn: ohun tí báńkì ń wò gan-an

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ wa nínú ọkọ̀ ojú irin, ẹ kú ìrìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń dáná lọ́wọ́, ẹ kú iná, ẹ má jẹ́ kí ọbẹ̀ jóná nítorí mi. Ọ̀rọ̀ owó la tún gbé dé lónìí. Ọ̀rọ̀ gbèsè àná ni, àti bó ṣe máa ń dúró sẹ́nu ọ̀nà de èèyàn lọ́jọ́ tó bá fẹ́ ra ilé ní ìlú ọba.

Yorùbá ní ẹni tó yá ẹgbàafà tí kò san, ó bẹ́gi dínà ẹgbàaje. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, igi yẹn wà nínú ìwé, pẹ̀lú déètì àti iye owó, báńkì tí ẹ bá sì lọ bá fún owó ilé máa rí i. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání lónìí ni pé igi yẹn ní ọjọ́ tí wọ́n máa gbé e kúrò, àti pé kí ọjọ́ yẹn tó pé, ọ̀nà ṣì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ẹni tó bá ń fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ ni kì í rí ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀rọ̀ ẹbí mi ṣàlàyé. Wọ́n ti gbà mí láyè. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi, tí gbogbo wa ń pè ní Big Mummy, nọ́ọ̀sì ni wọ́n. Thamesmead ni wọ́n ń gbé, ní gúúsù ìlà-oòrùn London, níbi tí àwa ọmọ Nàìjíríà pọ̀ sí dáadáa. Ọdún 11 ni wọ́n fi san owó ilé fún onílé kan náà, wọn ò jẹ ẹ́ ní gbèsè oṣù kan rí. Lọ́dún tó kọjá, onílé ní òun fẹ́ ta ilé òun. Big Mummy ní £24,000 nípamọ́, wọ́n ní àwọn náà á kúkú ra tiwọn. Wọ́n kọ̀wé sí báńkì kan, báńkì ní rárá. Wọ́n kọ̀wé sí ìkejì, wọ́n kọ ọ́ sí ìkẹta, láàárín oṣù kan ṣoṣo. Rárá, rárá. Wọn ò sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ẹbí, ojú ń tì wọ́n. Ìgbà tí ọjọ́ tí onílé dá fún wọn ń sún mọ́lé ni wọ́n tó pè mí. Èmi ni mo lọ yunifásítì, èmi ni mo ń sọ̀rọ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, nítorí náà èmi ni akọ̀wé ẹbí.

Ohun àkọ́kọ́ tá a ṣe ni pé a gba ìwé kírẹ́díìtì wọn. Ilé iṣẹ́ ńlá mẹ́ta ló ń kọ irú ìwé yìí nípa wa ní Britain: Experian, Equifax àti TransUnion. Òfin fún yín lẹ́tọ̀ọ́ láti rí i lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ má ṣe gba ẹyọ kan kí ẹ fi ọkàn balẹ̀, torí ohun tó wà nínú ọ̀kan lè má sí nínú èkejì, ẹ ò sì mọ èyí tí báńkì yín máa wò. Ẹ má sì jẹ́ kí nọ́ńbà ńlá tí wọ́n ń fi hàn yín lókè ìwé yẹn dẹ́rù bà yín. Báńkì kọ̀ọ̀kan ló ní ìṣirò tiẹ̀. Kò sí ìwé dúdú kan níbi tí wọ́n ń kọ orúkọ àwọn tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ yá lówó sí. Àsọdùn lásán ni.

Nǹkan mẹ́rin la rí nínú ìwé Big Mummy.

Èkíní ni CCJ, ìyẹn ìdájọ́ kọ́ọ̀tù lórí gbèsè, £640, ó ti pé ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta. Ibi tó ti wá rèé. Nígbà tí wọ́n ń kó kúrò nínú ilé tí wọ́n gbé tẹ́lẹ̀, wọ́n pe ilé iṣẹ́ iná, wọ́n fún wọn ní adírẹ́sì tuntun. Àwọn yẹn ò kọ ọ́ sílẹ̀. Bíìlì ìkẹyìn, £312, ilé àtijọ́ ló ń lọ. Lẹ́tà ìkìlọ̀, ilé àtijọ́. Ìwé kọ́ọ̀tù, ilé àtijọ́. Tí ìwé kọ́ọ̀tù bá dé tí ẹnikẹ́ni ò fèsì, olùpẹ̀jọ́ lè gba ìdájọ́ láìsí pé adájọ́ gbọ́ tẹnu yín. Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn ìdájọ́ ni àwọn agbowó gbèsè tó wá wọn kàn. Big Mummy san gbogbo ẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn, wọ́n rò pé ó ti parí.

Ibí yìí ni kí ẹ ti fetí sílẹ̀ dáadáa. Tí ẹ bá san CCJ tán láàárín oṣù kan lẹ́yìn ìdájọ́, wọ́n máa yọ ọ́ kúrò pátápátá. Tí oṣù kan bá ti kọjá, wọ́n kàn máa kọ ọ́ síbẹ̀ pé ẹ ti san ni, àkọsílẹ̀ fúnra ẹ̀ á wà níbẹ̀ títí ọdún mẹ́fà á fi pé láti ọjọ́ ìdájọ́. Gbèsè tí kò dé kọ́ọ̀tù, èyí tí ilé iṣẹ́ kàn kọ sílẹ̀ pé ẹ ò mú àdéhùn ṣẹ, ọdún mẹ́fà náà ló ń lò. Síbẹ̀, sísan dára ju àìsan lọ, torí ẹni tó fẹ́ yá yín lówó máa ń wo bóyá ẹ san.

Èkejì ni orúkọ ọ̀rẹ́ wọn kan. Ọdún pípẹ́ sẹ́yìn, àwọn méjèèjì jọ ṣí àkáǹtì fún owó ẹgbẹ́. Ẹgbẹ́ ti tú, àmọ́ ìwé ṣì so wọ́n pọ̀, báńkì sì lè wo ìwà owó ọ̀rẹ́ yẹn mọ́ tiwọn. A ti àkáǹtì náà pa, a kọ̀wé sí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé kí wọ́n já okùn yẹn. Wọ́n já a.

Ẹ̀kẹta, orúkọ wọn ò sí nínú ìwé àwọn olùdìbò. Big Mummy rò pé ẹni tó ní páspọ́ọ̀tù Britain nìkan ló ń dìbò. Kò rí bẹ́ẹ̀ o. Ọmọ orílẹ̀-èdè Commonwealth ni wá, ọmọ Nàìjíríà tó ń gbé níbí pẹ̀lú ìwé ìgbélùú tó pé lè forúkọ sílẹ̀. Àwọn ayánilówó ń fi ìwé yẹn mọ̀ pé lóòótọ́ lẹ ń gbé níbi tí ẹ ní ẹ ń gbé. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti ṣe é, kò gba àkókò rárá.

Ẹ̀kẹrin ni ojú ẹsẹ̀ báńkì mẹ́ta yẹn. Nígbàkigbà tí ẹ bá kọ ìwé ìbéèrè mọ́géèjì ní kíkún, ó ń fi àmì sílẹ̀ tí àwọn mìíràn ń rí. Tí àmì bá pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ó dà bí ẹni tí ilẹ̀ ń gbóná mọ́ lẹ́sẹ̀. Àwọn ibì kan wà tí wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ yín wò láìfi àmì kankan sílẹ̀. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó buwọ́ lu nǹkan kan.

Ṣé a lè pa CCJ náà rẹ́? A lọ bá Citizens Advice, ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ní èèyàn lè ní kí kọ́ọ̀tù fagi lé ìdájọ́, ṣùgbọ́n ó ń gba owó, ó gbọ́dọ̀ ní ẹjọ́ gidi tó lè rò, ó sì gbọ́dọ̀ tètè ṣe é. Big Mummy jẹ owó iná yẹn lóòótọ́, ọdún mẹ́ta àti ààbọ̀ sì ti kọjá tí wọ́n ti mọ̀. A fi í sílẹ̀. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wá ní òun mọ ọkùnrin kan tó máa fọ ìwé wọn mọ́ fún £900. Ẹ gbọ́ mi o: kò sí ẹni tó lè fọ ohun tó jẹ́ òótọ́. Tí nǹkan tó wà níbẹ̀ bá jẹ́ irọ́, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n tún un ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́. Tó bá jẹ́ òótọ́ àmọ́ tó ní àlàyé, òfin gbà yín láyè láti fi àlàyé tí kò ju 200 ọ̀rọ̀ lọ sínú ìwé náà. A kọ tiwọn: adírẹ́sì tí wọn ò kọ sílẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n gbọ́, ọjọ́ tí wọ́n san.

Lẹ́yìn náà la wá lọ bá brókà, ẹni tó mọ ìlànà ayánilówó kọ̀ọ̀kan. Big Mummy fẹ́ dákẹ́ lórí CCJ náà. Mo bẹ̀ wọ́n. Fọ́ọ̀mù máa béèrè, ẹni tó bá sì parọ́ lórí fọ́ọ̀mù mọ́géèjì ti kúrò lórí gbèsè, ó ti wọ ọ̀rọ̀ jìbìtì. Nígbà tí wọ́n sọ ọ́ tán, ìbéèrè mẹ́rin ni brókà bi wọ́n: ìgbà wo ni? Èló ni? Ṣé ẹ ti san? Kí ló ti ṣẹlẹ̀ láti ìgbà yẹn? Ìbéèrè mẹ́rin yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí dá lé, ẹ kọ wọ́n sílẹ̀.

Ó ní àwọn ayánilówó kéékèèké kan wà níbi tí èèyàn ẹlẹ́ran ara ti ń ka ìwé, tí kì í ṣe kọ̀ǹpútà nìkan. Ọ̀kan nínú wọn lè gbà. Ilé £200,000 ni Big Mummy rí, yàrá kan àti pálọ̀. Àwọn yẹn fẹ́ kí wọ́n fi ìdá 15 nínú 100 sílẹ̀, ìyẹn £30,000, wọ́n á sì yá wọn £170,000 fún 20 ọdún ní èlé ìdá 6.5. Ẹni tí ìwé ẹ̀ mọ́, brókà ní ó lè rí ìdá 5 nígbà yẹn. Mo ṣe ìṣirò ẹ̀: £1,267 lóṣù dípò £1,122. £145 lóṣù nìyẹn, ó lé ní £3,400 lọ́dún méjì. Owó orí CCJ £640 nìyẹn o.

Kí ló dé tí mo fi dúró lórí ọdún méjì? Torí pé ọdún méjì ni àdéhùn èlé yẹn. Tó bá fi máa parí, CCJ á ti lé ní ọdún mẹ́fà, á ti kúrò nínú ìwé, wọ́n á lè wá èlé tó dín níbòmíràn. Àbí kí wọ́n máa san owó ilé níbòmíràn kí wọ́n sì dúró? A wo owó ilé lágbègbè yẹn, ó ti ju £1,267 lọ. Wọ́n ní àwọn á rà á.

£6,000 ló kù. Àwọn ọmọ wọn méjèèjì dá a jọ, wọ́n sì buwọ́ lu lẹ́tà pé ẹ̀bùn ni, kì í ṣe gbèsè, torí ayánilówó ń béèrè ìyẹn. Ibi tó ti wá le ni owó àjọ. Nínú £24,000 yẹn, £10,000 wọlé lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ayánilówó ní níbo ló ti wá? Ẹ gbìyànjú kí ẹ ṣàlàyé àjọ fún ẹni tí kò dá a rí! Ohun tó gbà wá ni pé báńkì ni wọ́n fi ń san án lóṣooṣù, kì í ṣe owó ọwọ́. A fi sítétímẹ́ǹtì hàn, olórí àjọ kọ lẹ́tà, wọ́n gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ń dá àjọ pẹ̀lú owó ọwọ́, tí ẹ sì ní ilé lọ́kàn, ẹ yí i padà lónìí.

Oṣù kẹta lẹ́yìn tí a pàdé brókà, ìwé ìfọwọ́sí dé. Mi ò sọ pé gbogbo yín lẹ gbọ́dọ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Tí CCJ yín bá jẹ́ ti ọdún tó kọjá, tàbí tí ẹ ò tíì san án, dídúró lè sàn jù. Owó tí a fi ilé dúró fún ni, tí ẹ ò bá lè san án, wọ́n lè gba ilé. Ẹ̀yin tí gbèsè ń fún lọ́rùn lọ́wọ́lọ́wọ́, ẹ pe StepChange tàbí Citizens Advice kí ẹ tó ronú ilé rárá. Ọ̀fẹ́ ni àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba ìwé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́sẹ̀ yìí, kódà tí ẹ ò bá tíì fẹ́ ra nǹkan kan. Tí ẹ bá kó ilé, ẹ fi adírẹ́sì tuntun ránṣẹ́ ní kíkọ, kí ẹ̀rí wà lọ́wọ́ yín. Tí ẹ bá sì rí nǹkan tó ń ti yín lójú nínú ìwé yẹn, ẹ sọ fún ẹnì kan nínú ẹbí. Báńkì ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Àwa ẹbí tó lè ràn yín lọ́wọ́ la ò mọ̀.

Ẹ fi ètò yìí ránṣẹ́ sí ẹni tó bá wúlò fún. Ó dìgbà kan ná o. Ire o.